Ẹ̀rín Ta Ni? Ìhà tí Àwọn Olórin Kọ sí "Finnegan's Wake", Orin Ẹ̀fẹ̀ Àṣetà Nípa Ọmọ Ireland

Àṣamọ̀

Orin ẹ̀fẹ̀ tí a ṣe fún títà nípa ẹ̀yà kan máa ń bí ìbéèrè méjì: ta ni ó ń rẹ́rìn-ín, ta sì ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín? Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò "Finnegan's Wake", orin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní New York ní ọdún 1864, àti ìhà tí àwọn olórin kọ sí i àti sí àwọn orin bí irú rẹ̀. A pín ìhà yìí sí mẹ́ta: títà, kíkọ̀ àti gbígbà padà. Èrò wa ni pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú orin nìkan ni ó ń sọ ọ́ di ìwọ̀sí tàbí ohun ìyangàn. Ẹni tí ó ń kọ ọ́, ibi tí ó ti ń kọ ọ́, àwọn orin tí ó bá a rìn, àti ẹni tí owó rẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Iṣẹ́ náà parí pẹ̀lú ìmọ̀ràn fún àwọn olùkọ́.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à ń fi í rín. Ẹni tí ọ̀ràn dé bá ni òwe yìí ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kì í ṣe ẹni tí ọ̀ràn dé bá ni ó ń rín ẹ̀rín náà. Ẹlòmíràn a máa sọ ìyà ẹni di eré, a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, a kọ ọ́ lórí ìtàgé, a sì gba owó lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Irú orin tí ó ń ti inú òwò báyìí jáde ni a pè ní orin ẹ̀fẹ̀ àṣetà nínú iṣẹ́ yìí, èyíinì ni orin tí a dìídì ṣe fún títà, tí ó sì ń fi ìwà, ìṣe tàbí ohùn ẹ̀yà kan pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ Ireland ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ẹ̀yà yìí nípasẹ̀ àwọn àlùfáà àti àwọn sísítà ìjọ Àgùdà tí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní ilẹ̀ wa. Ìdí mẹ́ta ni a fi yan "Finnegan's Wake". Èkíní, inú òwò eré orí ìtàgé ni ó ti jáde, kì í ṣe inú ayẹyẹ ìbílẹ̀ abúlé kan. Èkejì, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọmọ Ireland ní ẹlẹ́yà nígbà náà ni ó pé sínú rẹ̀: ọtí, ìjà, iṣẹ́ àṣelàágùn àti ọ̀rọ̀ sísọ tí kò jọ ti ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀kẹta, orin yìí kan náà ni àwọn olórin Ireland tí orúkọ wọn ròkè jù lọ ní ọdún 1959 sí 1966 fi sínú àwo orin wọn, láìtijú rárá.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìgbà méjèèjì yìí? Ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ni pé ọgbẹ́ ti jinná, ara sì ti tu àwọn ènìyàn náà. Ìdáhùn yìí kò tó. Bí àkókò nìkan bá ń wo ọgbẹ́, gbogbo orin ẹlẹ́yà ni ì bá ti di orin ayọ̀ lónìí, a sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn tí ó kọ orin náà àti àwọn tí ó gbà á padà kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Àwọn ìṣáájú ni ó la ọ̀nà fún àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn.

Ìtàn tí ó bí orin náà

Ní ọdún 1841, ìkànìyàn fi hàn pé ènìyàn tí ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́jọ ni ó ń gbé ní Ireland. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀ náà wà nígbà náà. Ní 1845, àrùn kan kọlu pòtétò, oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ tálákà ilẹ̀ náà gbójú lé. Ìyàn tí ó tẹ̀ lé e jà títí di nǹkan bí ọdún 1852. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ebi àti àrùn pa, àwọn tí ó sì ju mílíọ̀nù kan lọ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi ilé sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ka ènìyàn ní 1851, iye náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀.

New York ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sá náà gúnlẹ̀ sí. Nígbà tí ó fi di 1860, bí a bá to ènìyàn mẹ́rin jọ ní ìlú náà, ẹyọ kan nínú wọn ni wọ́n bí ní Ireland. Iṣẹ́ tí wọ́n rí ṣe kò ju iṣẹ́ lébìrà lọ fún ọkùnrin, àti iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún obìnrin. Ẹ̀sìn Àgùdà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe tún jẹ́ ẹ̀gún lójú àwọn onílùú tí wọ́n jẹ́ ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ní àwọn ọdún 1850, ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí wọ́n ń pè ní Know-Nothing gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí pé ó dojú ìjà kọ àwọn àlejò Àgùdà wọ̀nyí.

Àárín ìpọ́njú yìí ni ilé eré orí ìtàgé ti rí ọjà. Kì í ṣe New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọmọ Ireland ṣe ẹlẹ́yà. Ó ti pẹ́ tí àwọn òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹ̀dá-ìtàn kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní "ọmọ Ireland orí ìtàgé": ọ̀mùtí ni, oníjà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa lọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ dùn, orí rẹ̀ sì yá. Ohun tuntun tí New York fi kún un ni ẹ̀rọ títa: ìwé orin olówó pọ́ọ́kú, ilé eré tí ó ń ṣí lálaalẹ́, àti ogunlọ́gọ̀ òǹwòran tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ireland gan-an. Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà náà wà lórí ìjókòó, ó san owó wọlé, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Orin náà àti àwọn tí ó tà á

Ìtàn inú orin náà kò gùn. Lébìrà kan tí ó ń ru bíríkì ni Tim Finnegan. Ó fẹ́ràn ọtí dé ibi pé kò lè lọ síbi iṣẹ́ láìkọ́kọ́ fi nǹkan tọ́nu. Lọ́jọ́ kan tí ọtí ń yí i lójú, ó já bọ́ láti orí àkàbà, agbárí rẹ̀ fọ́, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn ènìyàn pé jọ fún àìsùn òkú. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, tábà ń lọ, omijé ń ṣàn. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin méjì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta ko ara wọn, tí ìjà sì gba ilé kan. Wọ́n ju ọtí whiskey, ó tú dà sára òkú. Òkú náà dìde, ó sì bèèrè bí wọ́n ṣe rò pé òun kú.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè Ireland, Gaeilge, yóò rí ẹ̀fẹ̀ kan tí ó fara sin níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà "whiskey" wá láti inú "uisce beatha", ìtumọ̀ èyí tí í ṣe omi ìyè. Omi ìyè ni ó dà sára òkú, kò sì sí ohun tí ó burú bí òkú bá jí. Ìtàn kan náà ni òǹwòran Gẹ̀ẹ́sì àti òǹwòran Ireland ń wò, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ohun tí wọ́n gbọ́ má jẹ́ ọ̀kan. Bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ẹni tí ó kọ orin yìí. Ọ̀pọ̀ òṣèré orí ìtàgé ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni ó sọ pé tòun ni. Ọ̀kan nínú wọn ni Dan Bryant, olórí ẹgbẹ́ òṣèré Bryant's Minstrels. Ọmọ ìran Ireland ni Bryant. O'Brien ni orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni pé kí aláwọ̀ funfun kun ojú rẹ̀ ní dúdú, kí ó sì máa fi àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà lóko ẹrú ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí ìtàgé yìí kan náà ni ó ti ń ta ẹ̀rín nípa àwọn ènìyàn tirẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ dá gbogbo àwọn tí ó ta irú orin yìí lẹ́jọ́ kan náà. Edward Harrigan, ọmọ New York tí ìran rẹ̀ tọ Ireland wá, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin pẹ̀lú David Braham, atọ́kùn orin tí wọ́n bí ní London. Orin wọn "The Mulligan Guard", tí ó jáde ní 1873, ń fi àwọn ọmọ Ireland tí wọ́n máa ń múra bí ọmọ ogun, tí wọ́n sì ń yan kiri àdúgbò, ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọmọ Ireland inú eré Harrigan ṣì ń mutí, ó ṣì ń jà, ṣùgbọ́n ó ní ilé, ó ní aya, ó ní àdúgbò, ó sì ń du ipò òṣèlú. Ẹ̀dá ènìyàn ni, kì í ṣe àwòrán lásán. Àwọn ọmọ Ireland New York rọ́ lọ wo eré rẹ̀ nítorí pé wọ́n rí ara wọn níbẹ̀. Nítorí náà, láàrin àwọn tí ó ń tà á pàápàá, ìyàtọ̀ wà láàrin ẹni tí ó ń ta àbùkù àti ẹni tí ó ń ta ìròyìn ilé rẹ̀.

Àwọn tí ó kọ̀ ọ́

Ìhà kejì ni kíkọ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 1892, Douglas Hyde sọ̀rọ̀ ní Dublin lórí ìdí tí ó fi yẹ kí Ireland bọ́ àṣà Gẹ̀ẹ́sì kúrò lọ́rùn. Nínú ọ̀rọ̀ náà, ó kédàárò pé àwọn afunfèrè alápò àti àwọn ta-gòjé ń tán lọ, nígbà tí orin ilé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba ipò wọn lẹ́nu àwọn olórin alárìnká. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1893, wọ́n dá ẹgbẹ́ Gaelic League sílẹ̀ láti gbé èdè Ireland ró. Ní 1897, ìdíje orin tí wọ́n ń pè ní Feis Ceoil bẹ̀rẹ̀ ní Dublin. Hyde yìí kan náà ni ó di Ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ireland ní 1938.

Ohun tí ó ń dun àwọn ènìyàn yìí ju ọ̀rọ̀ orin lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé ọmọ Ireland kò lè ṣe ìjọba ara rẹ̀. Gbogbo orin tí ó bá fi í hàn bí ọ̀mùtí tí ń ṣubú lórí àkàbà ń ti ẹjọ́ yẹn lẹ́yìn, bí ẹni tí ó kọ ọ́ kò tilẹ̀ gbèrò bẹ́ẹ̀. Fún ènìyàn tí ó ń jà fún òmìnira, ẹ̀fẹ̀ di ẹ̀rí tí ọ̀tá ń lò ní ilé ẹjọ́.

Ní Amẹ́ríkà, kíkọ̀ náà gba ọ̀nà ipá. Ẹgbẹ́ Ancient Order of Hibernians àti àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ireland mìíràn gbógun ti ọmọ Ireland orí ìtàgé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1907, wọ́n da eré àwọn Russell Brothers rú ní New York. Ọkùnrin ni àwọn òṣèré méjèèjì yìí, tí wọ́n ń múra bí ọmọ ọ̀dọ̀ obìnrin Ireland kí wọ́n lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó mọ̀ pé ìyá àti ẹ̀gbọ́n àwọn ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ kò lè gbà á mọ́ra.

Àwọn olórin mìíràn kọ̀ láìpariwo. Francis O'Neill, ọmọ Ireland tí ó jẹ́ afunfèrè, tí ó sì di ọ̀gá ọlọ́pàá ní Chicago láti 1901 sí 1905, tẹ ìwé kan jáde ní 1903 tí ó kó orin ìlú rẹ̀ tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,850 jọ. Lójú tiwa, a lè ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí èsì. Ẹni tí wọ́n ń sọ pé kò ní ju ẹ̀fẹ̀ ọ̀mùtí lọ ti fi ohun tí ó ní han ayé.

Àléébù kan wà nínú kíkọ̀ yìí tí kò yẹ kí a gbójú fò. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ń wá orin tí kò lábàwọ́n máa ń gbàgbé pé àwọn lébìrà àti ọmọ ọ̀dọ̀ ti sọ orin ìtàgé di tiwọn. Bí a bá gba orin náà lẹ́nu wọn nítorí pé ó ń tini lójú, a ti gba ọ̀kan nínú àwọn ohun díẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ìtàn iṣẹ́ líle, ikú òjijì àti ẹgbẹ́ tí ń sin òkú ara wọn. Àkàbà tí Finnegan ti já bọ́ kì í ṣe àwàdà fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń gun irú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Afárá láàrin kíkọ̀ àti gbígbà padà

Ẹni tí ó so ìgbà méjèèjì pọ̀ ni James Joyce. Òǹkọ̀wé ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n olórin ni pẹ̀lú. Ní 1904, ó kọrin ní ìdíje Feis Ceoil ní ìpele ohùn tẹ́nọ̀, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ onídẹ. Ìdíje tí wọ́n dá sílẹ̀ láti gbé orin Ireland níyì ni ó ti kọrin. Síbẹ̀, nígbà tí ó ń wá orúkọ fún ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, tí ó jáde ní 1939, inú orin ẹ̀fẹ̀ ìtàgé ni ó lọ: ó pe ìwé náà ní Finnegans Wake.

Ó yọ àmì kékeré kan kúrò nínú orúkọ orin náà, àmì tí ó ń fi níní hàn nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Pẹ̀lú àmì yẹn, orúkọ náà jẹ́ àìsùn òkú Finnegan. Láìsí i, ó tún lè túmọ̀ sí pé àwọn Finnegan, èyíinì ni gbogbo irú wọn, ń jí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni ó dúró fún àìsùn òkú àti fún jíjí, Joyce sì lo àǹfààní yẹn. Kò fọ ọtí kúrò lára Finnegan, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó má rẹ́rìn-ín. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wo òpin ìtàn náà, níbi tí òkú ti dìde, ó sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbogbo àgbáyé ń tú títí di òní.

Gbígbà padà

Ní 1922, èyí tí ó pọ̀ jù nínú Ireland bọ́ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1949, ó di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá. Ẹjọ́ tí Hyde àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rò ti parí sí ọwọ́ wọn. Àyíká yìí ni ó yẹ kí a rántí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa The Clancy Brothers. Paddy, Tom àti Liam Clancy wá láti Carrick-on-Suir. Tommy Makem tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn wá láti Keady. New York, ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ "Finnegan's Wake" jáde, ni wọ́n ti di olókìkí.

Ní 1959, wọ́n fi orin náà sínú àwo wọn tí wọ́n pè ní Come Fill Your Glass with Us. Orin ọtí ni ó pọ̀ jù nínú àwo náà, nítorí náà wọn kò sá fún ẹ̀sùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àwọn orin tí ó bá a gbélé. Orin èdè Gaeilge wà nínú àwo náà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó ti kọ́kọ́ ṣe àwo tí ó kún fún orin ọ̀tẹ̀ lòdì sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, The Rising of the Moon. Ẹni tí ó bá gbọ́ àwọn orin wọ̀nyí pọ̀ kò lè sọ mọ́ pé ọ̀mùtí nìkan ni ọmọ Ireland. Ọ̀mùtí wà níbẹ̀, jagunjagun wà níbẹ̀, olólùfẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ di ẹ̀yà kan nínú ara, kò jẹ́ odindi ara mọ́.

Kókó kejì ni owó. Tradition Records, ilé iṣẹ́ tí ó gbé àwo náà jáde, kì í ṣe ti àjèjì. Paddy Clancy wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1956, òun sì ni ó ń darí rẹ̀. Àwọn olórin fúnra wọn ni ó yan orin, àwọn ni ó tò ó, àwọn ni ó pinnu bí ìwé àwo yóò ṣe rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èyí àti ìtàgé Dan Bryant kò sí nínú ọ̀rọ̀ orin. Ó wà nínú ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà dání.

Ní Dublin, ẹgbẹ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 mú orúkọ rẹ̀ láti inú ìwé Joyce mìíràn, ó pe ara rẹ̀ ní The Dubliners. Ní oṣù kẹrin 1966, wọ́n gba ohùn orin sílẹ̀ níwájú òǹwòran ní Gate Theatre. Oṣù yìí ni ó pé àádọ́ta ọdún tí ọ̀tẹ̀ 1916 bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú náà. Finnegan Wakes ni wọ́n pe àwo tí ó jáde níbẹ̀, èyíinì ni pé Finnegan ń jí. Orin tí wọ́n ti ń tà ní ìlú òkèèrè ti padà sílé. Ní àárín olú-ìlú ilẹ̀ òmìnira, lórí ìtàgé tiwọn, niwájú ènìyàn tiwọn, ni wọ́n ti ń kọ ọ́.

A kò sọ pé gbígbà padà kò ní ewu tirẹ̀. Súwẹ́tà funfun tí àwọn Clancy ń wọ̀ lórí ìtàgé yàtọ̀ sí ẹ̀wù yẹ̀yẹ́ ọmọ Ireland orí ìtàgé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi di ọjà. Ní ọdún wọ̀nyí kan náà, Seán Ó Riada àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Ceoltóirí Chualann yan ọ̀nà mìíràn: wọ́n gbé orin ìbílẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ńlá bí orin àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Nítorí náà, kíkọ̀ àti gbígbà padà ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlú kan náà ni wọ́n sì ń tún ṣe.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn tún fi ẹsẹ̀ ìwádìí kún un. Ní 1981, ẹgbẹ́ De Dannan gbé "My Irish Molly-O" jáde. Orin àṣetà New York ti ọdún 1905 ni. William Jerome, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ireland, àti Jean Schwartz, ọmọ Júù tí wọ́n bí ní Budapest, ni ó ṣe é. Àwọn Flanagan Brothers, ọmọ Waterford, ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1928. Mick Moloney, ọmọ Limerick tí ó jẹ́ olórin àti ọ̀mọ̀wé ní New York títí ó fi di olóògbé ní 2022, ṣe odindi àwo kan lórí orin Harrigan àti Braham ní 2006. Kò ka orin àṣetà sí ìdọ̀tí tí a ní láti gbá dànù; ó kà á sí ìwé ìrántí àwọn tálákà. Àwọn ọ̀dọ́ náà kò gbẹ́yìn: Dropkick Murphys, ẹgbẹ́ olórin líle láti Massachusetts, fi "Finnegan's Wake" sínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1998.

Ẹ̀yà tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù

Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ó léwu bí a bá dúró síbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé bí ọmọ Ireland bá lè rẹ́rìn-ín sí orin tí wọ́n fi bú u, kí gbogbo ẹ̀yà mìíràn náà fara balẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìtàgé Bryant fún ara rẹ̀ tako èyí. Nígbà tí eré bá parí, Bryant a fọ ọ̀dà dúdú ojú rẹ̀ nù, a sì lọ sílé. Ènìyàn dúdú kò ní ohun tí yóò fọ̀. Bert Williams, aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Bahamas ní 1874, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn apanilẹ́rìn-ín tí ó gbọ́n jù lọ ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, kí ó tó lè jẹun lórí ìtàgé, òun náà ní láti kun ojú ara rẹ̀ ní dúdú. Ìwọ̀n ìgbà tí ọmọ Ireland fi gba ìlú, ìbò àti ilé iṣẹ́ àwo orin, òfin ilẹ̀ ṣì ń dí aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́ ní apá púpọ̀ nínú Amẹ́ríkà. Àwa tí ọ̀pọ̀ nínú ìran wa kọjá sí òkè òkun gẹ́gẹ́ bí ẹrú kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Ẹni tí ó bá lágbára láti gba orin padà ni ó lè fi í ṣeré.

Ìwúlò fún olùkọ́

Olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ń pàdé orin ẹ̀fẹ̀ lójoojúmọ́, yálà lórí rédíò, nínú fíìmù tàbí lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń fi ẹ̀ka-èdè àdúgbò kan tàbí ọ̀nà tí ẹ̀yà mìíràn ń gbà sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìmọ̀ràn wa kò jẹ́ pé kí olùkọ́ fi òfin de irú orin bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kí ó kàn jẹ́ kí kíláàsì rẹ́rìn-ín kọjá. Kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bèèrè ohun mẹ́rin. Ta ni ó ṣe orin yìí, ta sì ni ó ń rí owó rẹ̀? Ṣé ẹni tí wọ́n ń kọrin nípa rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣé ó sì lè fèsì? Kí ni orin mìíràn tí a mọ̀ nípa ẹ̀yà náà, àbí ẹ̀fẹ̀ yìí nìkan ni ó dé etí wa? Kí ni orin náà mọ̀ nípa ayé àwọn ènìyàn náà tí ìwé ìtàn kò sọ?

Ìbéèrè kẹta ni a rò pé ó ṣe kókó jù fún kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ohun mìíràn nípa ẹ̀yà kan ju àwàdà lọ ti gba àwàdà náà gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀. Àtúnṣe rẹ̀ sì wà ní ìkáwọ́ olùkọ́: kí ó fi àlọ́, ìtàn àti orin mìíràn láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yà kan náà kún un, bí àwọn Clancy ṣe fi orin Gaeilge sínú àwo orin ọtí.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé orin "Finnegan's Wake" gba ọwọ́ àwọn tí ó tà á, ó kọjá lójú àwọn tí ó kọ irú rẹ̀, ó sì padà sẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Ọ̀rọ̀ orin kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Lébìrà náà ṣì ń mutí, ó ṣì ń já bọ́, àwọn obìnrin ṣì ń jà lórí òkú rẹ̀. Ohun tí ó yí padà ni ipò àwọn tí ń kọ ọ́. Àwọn tí ó kọ̀ ní 1892 àti 1907 kò ṣàṣejù. Ìlú àti iyì tí wọ́n jà fún ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn lè rẹ́rìn-ín ní 1966 láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín náà gba ẹ̀tọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ ẹ̀yà kan tí ó ń ké pé orin kan ń bu òun kù, kò yẹ kí a sọ fún un pé eré lásán ni. Kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá òun ni ó ni ìtàgé.